Lẹ́yìn tí a fi Ubuntu tuntun sí kọ̀ǹpútà, fáìlì mi kò ṣí fún mi mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Linux dunjú, mo kí yín láti Kétu, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. A fi Ubuntu 24.04 (irú Linux kan, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) rọ́pò 20.04 lórí kọ̀ǹpútà tí èmi àti alábàáṣiṣẹ́ mi jọ ń lò, láìfọwọ́kan apá dísìkì tí ìwé wa wà. Láti ìgbà náà, «Permission non accordée» (pé n kò ní àṣẹ) ni ó ń dá mi lóhùn lórí fáìlì mi, bẹ́ẹ̀ ti alábàáṣiṣẹ́ mi ń ṣí fún mi wẹ́rẹ́, èyí tí kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àṣẹ `ls -ln`, tó ń to fáìlì pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó ni wọ́n, fi hàn pé nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá wa mọ̀ (UID) ti pààrọ̀: èmi ni 1001 tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé orúkọ mi ni a kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lórí ètò tuntun, mo ti di 1000, tí í ṣe nọ́ńbà alábàáṣiṣẹ́ mi àtijọ́. Àwọn fáìlì náà sì dàpọ̀ mọ́ra, nítorí náà bí mo bá lo `chown -R`, tó ń yí ẹni tó ni gbogbo fáìlì inú àpò kan padà, tirẹ̀ yóò di tèmi. Ẹnìkan dábàá `chmod -R 777`, tó ń fún gbogbo ènìyàn ní àṣẹ lórí gbogbo fáìlì. Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, torí ẹnikẹ́ni lè pa ìwé wa rẹ́.

Ṣé kí n fi `find -uid`, tó ń wá fáìlì nípa nọ́ńbà ẹni tó ni wọ́n, ṣà wọ́n, kí n kọ́kọ́ fún ti 1001 ní nọ́ńbà mìíràn fún ìgbà díẹ̀, tàbí `usermod -u`, tó ń yí nọ́ńbà ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà padà, ni ó sàn jù? Ǹjẹ́ ìyẹn yóò tún nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí oníkálukú wa wà nínú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà (GID) ṣe pẹ̀lú?