Ẹni tó bá ti bá aṣòfin Òkè Ọya pàdé rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ọbáléndé

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ wa l'Ọbáléndé ní Sátidé tó kọjá ló jẹ́ kí n wá kọ eléyìí. Bọ̀dá kan tó ń retí kó kàn án ló bẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn aṣòfin Òkè Ọya yìí, kí gan-an ni wọ́n ń ṣe l'Ábújá ju kí wọ́n sùn lórí àga kí wọ́n sì gbowó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, torí mo ti bá ọ̀kan nínú wọn ṣiṣẹ́ fún bí ọdún méjì, aṣojú-ṣòfin láti òkè Yobe lọ́hùn-ún, níbi téèyàn ti lè gun ọ̀kadà bọ́ sí Niger láìmọ̀ pé òun ti kúrò ní Nàìjíríà. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹkùn ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Bí mo ṣe débẹ̀ ni pé àárín àwọn Hausa Ọbáléndé la dàgbà sí, mo ń gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló ní Ọnọ́rébù kan ń wá ẹni tó lè tẹ kọ̀ǹpútà, tó gbọ́ Hausa, tí kì í ṣe ará ìlú òun, torí tí ará ìlú ẹ̀ bá jókòó sí ọ́fíìsì yẹn, gbogbo mọ̀lẹ́bí ló máa tẹ̀ lé e wọlé. Mo débẹ̀ tán ni mo wá rí i pé Kanuri ni wọ́n ń sọ jù ní abúlé wọn. Gbogbo Hausa tí mo fi ń yangàn, ọmọdé ló ń bá mi túmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn yín ná. Súrùlérè wa yìí, LG kan ṣoṣo, aṣojú-ṣòfin méjì ló ní l'Ábújá. Múṣin, méjì. Lagos Island, méjì. Ẹ wá lọ wo Nguru, Machina, Yusufari àti Karasuwa ní Yobe (kì í ṣe pé ibẹ̀ ni ọ̀gá mi ti wá o, àpẹẹrẹ ni mò ń ṣe), LG mẹ́rin, ẹnì kan péré ló ń ṣojú gbogbo wọn. Nínú aṣojú-ṣòfin 360 tó wà l'Ábújá, Èkó ní 24, Yobe ní 6, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Yobe fi ohun tó ju ìlọ́po 12 lọ tóbi ju Èkó. Mo mọ̀ pé iye èèyàn ni wọ́n fi ń pín in, ojú ilẹ̀ kì í dìbò, mi ò jiyàn yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣojú Súrùlérè lè fẹsẹ̀ rin ẹkùn ẹ̀ já láàárín àárọ̀ sí ọ̀sán, tiwa ńkọ́?

Tuesday, Wednesday, Thursday ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin máa ń jókòó, ìwé òfin 1999 ní kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ 181 lọ́dún. Tó bá di Friday tí ọ̀gá bá fẹ́ relé, bàálù dé Kano, mọ́tò gba Hadejia dé Nguru, ibẹ̀ la ti máa ń sùn nígbà míì. Lẹ́yìn ìyẹn títì á tán. Yanrìn ni, yanrìn tó ń rìn fúnra ẹ̀, ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà lóṣù tó kọjá lè má sí mọ́. Dírẹ́bà wa á sọ̀ kalẹ̀, á yọ díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí mọ́tò má bàa rì, á sì máa wo ibi igi kan báyìí lọ́ọ̀ọ́kán, igi yẹn ni gúgùlù máàpù ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, mo rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

Gbogbo ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ aṣòfin níbẹ̀, kò sí èyí tó jọ òfin. Owó ilé ìwé, owó ọsibítù, ọmọ tọ́lọ́pàá mú, ìyàwó tó fẹ́ bí. Mo ti ṣí ìwé òfin wò fúnra mi, section 4 ní kí wọ́n ṣòfin, section 88 ní kí wọ́n máa wádìí bí wọ́n ṣe ń náwó ìlú, mi ò rí borehole níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó rin ìrìn wákàtí méjì lọ pọnmi.

Owó constituency project tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ yẹn, tí wọ́n fi ìgbà pípẹ́ kọ 100 bílíọ̀nù náírà sínú bájẹ́ẹ̀tì fún lọ́dọọdún, wọn kì í kó o lé aṣòfin lọ́wọ́. Òun á mú iṣẹ́, á mú ibi tí wọ́n máa ṣe é sí, àjọ ìjọba kan ló máa gbé e fún kọngílá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn o. Bí àwọn kan ṣe ń yí i, tí kọngílá á jẹ́ àbúrò ìyàwó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá mi mú borehole oní-sólà fún abúlé kan. Wọ́n gbẹ́ ẹ, a lọ ṣí i, omi tú jáde, àwọn ọmọdé bọ́ sábẹ̀ ẹ̀ taṣọtaṣọ. Lẹ́yìn bí oṣù márùn-ún a tún gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rá ni wọ́n fi so ẹnu ẹ̀rọ, ewúrẹ́ sùn sábẹ́ òjìji táǹkì. Kò sẹ́ni tó pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Bàbá kan jáde wá, ó gbé igbá kékeré kan dání, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Ọnọ́rébù. Òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ló ń túmọ̀ fún wa, ó ní bàbá òun ò mọ̀wé, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí omi yìí bá sáré, ó máa ń ju òkúta kan sínú igbá. Bàbá náà ò sọ ju ìyẹn lọ. Ó bi wá pé ṣé a ti jẹun.

Nínú mọ́tò, ọ̀gá da òkúta yẹn sórí ẹsẹ̀ ẹ̀ lórí agbádá funfun, ó ń kà á. 74. Ó tún un kà. Mi ò rí i kó dákẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, ọkùnrin tó jẹ́ pé tó bá ń sọ̀rọ̀ fóònù, yàrá kejì ń gbọ́.

Nígbà tẹ́ni tó wá láti àjọ yẹn dé ọ́fíìsì wa, igbá wà lórí tábìlì, ó rò pé obì ni, ó nawọ́ sí i. Èmi tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní yanrìn ló ń jẹ pọ́ọ̀ǹpù, kọngílá náà ò fi asẹ́ tó yẹ sí ìsàlẹ̀ kànga. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo tẹ̀ fún wọn. Mẹ́ta! Oṣù ń gorí oṣù. Nígbẹ̀yìn, ọ̀gá fowó ara ẹ̀ mú mẹkáníìkì pọ́ọ̀ǹpù láti Kano.

Kì í ṣe ẹni mímọ́ o. Iye ìgbà tí mo ti bá a parọ́ pé ó wà ní mítìnì, mi ò lè kà á, àwọn abúlé míì sì wà tá ò padà débẹ̀ rárá títí mo fi kúrò. Ṣùgbọ́n kó kàn máa sùn lórí àga? Rárá.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Múṣin Gidi

Bọ̀dá, tiyín dùn ún gbọ́, tèmi kò dùn. Kọ́pà ni mí lápá Sokoto. Odindi ọdún, ẹ̀ẹ̀kan la rí aṣòfin tiwọn. Ó kó ẹ̀rọ ìlọta wá, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀ sára gbogbo ẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu fọ́tò yẹn. Ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ wọn, abẹ́ igi dọ̀ngóyárò ni kíláàsì mẹ́ta wà. Wọ́n ní kí kọ́pà kí Ọnọ́rébù káàbọ̀ lédè òyìnbó, mo kí i, mo wá fi ọ̀rọ̀ òrùlé kún un. Ọ̀gá ilé ìwé ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òrùlé ò dé títí mo fi kó ẹrù mi padà sí Ọlọ́ṣà.

Ọmọ Rélùwéè, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta

Ẹ ti mú mi rántí bàbá mi o, rélùwéè ló bá ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé Èkó níbí ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà nígbà yẹn, lọ́hùn-ún níbi Race Course tó di Tafawa Balewa Square. Lẹ́yìn ìbò 1959, àwọn 312 ni wọ́n, Àríwá nìkan ní 174, Èkó tiwa, 3! Bàbá mi ní àwọn tó wá láti apá Borno, ìyà ń jẹ wọ́n lọ́nà, torí rélùwéè ò dé Maiduguri títí di 1964, wọ́n á kọ́kọ́ wá mọ́tò dé Nguru tàbí Jos kí wọ́n tó rí tìréènì wọ̀. Ó ní alàgbà kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ìddó, á kọ́kọ́ gbọn yanrìn kúrò nínú bàtà ẹ̀ sórí pèpéle, gbogbo alágbàárù á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín sí i o, ó ní ọkùnrin yẹn máa ń fún òun ní ẹja gbígbẹ.

Àǹtí Yellowknife (Yábàá ni mo wà báyìí, ìsinmi ni mo wá)

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Apá òkè Kánádà tí mò ń gbé, Northwest Territories, aṣòfin wọn ò ju 19 lọ, ìlú àti abúlé wọn jẹ́ 33, púpọ̀ nínú ẹ̀ ni títì ò dé. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń la ọ̀nà sórí yìnyín, tó bá yọ́ tán, ó di bàálù. Wọn ò sì ní ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ilé yẹn rárá, olúkúlùkù ló ń dá dupò, tí wọ́n bá wọlé tán ni wọ́n á dìbò abẹ́lẹ̀ láàárín ara wọn mú olórí ìjọba. Èdè 11 ló wà nínú òfin wọn, ògbufọ̀ wà nílé ìgbìmọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Wọ́n rán mi lọ sí abúlé kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bàálù kékeré, ọkùnrin kan jókòó tì mí, ó gbé páálí ẹyin lé ẹsẹ̀ bí ẹni gbọ́mọ. Mo rò pé oníṣòwò ni. A balẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, èèyàn bíi mẹ́fà ti tò dè é nínú òtútù, ọ̀rọ̀ ilé tó ń jò, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé aṣòfin wọn ni. Ẹyin yẹn, ìyá arúgbó kan ló ní kó bá òun rà á, torí owó oúnjẹ lóko yẹn, ẹ ẹ́ sunkún.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Ọbáléndé, ohun tó jẹ́ kí n dá sí i ni òkúta yẹn. Ọ̀pá àṣẹ ilé ìgbìmọ̀ wọn, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú ẹ̀, wọ́n kó o láti ìlú 33 yẹn, tí wọ́n bá ti gbé e wọlé, ẹ ẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́ bí òjò lórí páànù. Mo gbọ́ ọ létí ara mi lọ́jọ́ tí mo lọ jókòó síbi ìwòran.

Ọmọ Ọbáléndé

Àǹtí, ẹ mà ṣe é o, ara mi bù máṣọ.

Ọmọ Múṣin, òótọ́ lo sọ, irú aṣòfin tìẹ yẹn pọ̀ ju irú tèmi lọ, mi ò ní bá ẹ jà.

Ẹni tó bi mí ní inbox pé kí ni mo rí gbà níbẹ̀, káún ni. Káún tẹ́ ẹ ń fi se ewédú l'Ékòó yìí, púpọ̀ nínú ẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ yẹn ló ti ń wá, wọ́n fún mi ní odindi àpò kan lọ́jọ́ tí mò ń lọ, màmá mi ṣì ń sè é di òní.

Omi yẹn ṣì ń sáré. Mo pe ọmọ bàbá yẹn lóṣù tó kọjá, ó lọ sórí òkè yanrìn kan kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní òkúta ti di mélòó. Ó ní bàbá òun ò kà á mọ́, igbá kún, ìyá òun sì ti gba igbá ẹ̀ padà.