Ajá tó tóbi jù tẹ́ ẹ ti fojú ara yín rí: Boerboel, Caucasian àbí Mastiff?

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iyàn kan ń lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Kubwa látàná, kò tíì parí. Ọ̀kan ní Boerboel ló tóbi jù nínú gbogbo ajá, èkejì ní irọ́ ni, Caucasian ni, èmi ní ẹ gbẹ́nu dákẹ́ jàre, ẹ jẹ́ n sọ ti Mastiff Ìlú Ọba fún yín. Ọ̀kan wà ńbẹ̀ nígbà kan tó ń jẹ́ Zorba, wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́dún 1989, kílò 155.6! Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, ó ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ. Wọ́n ní mo ń purọ́. Torí ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Abuja àti gbogbo òkè Ọya, ẹ wá sọ èyí tẹ́ ẹ fojú rí o, ẹ má kó fọ́tò tí wọ́n fi fóònù nà wá bá mi.

Àǹtí Gwarinpa:
Boerboel ni tèmi o. Lánlọ́ọ̀dù wa ní ọ̀kan, akọ, tí mo bá ní ó ga mo parọ́, orí ẹ̀ ò kọjá ìbàdí mi, ṣùgbọ́n fífẹ̀ tí kiní yẹn fẹ̀! Lọ́jọ́ kan mo ti ọjà Wuse dé, mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí n tó ṣílẹ̀kùn ọ̀gá ti dé, ó na ara ẹ̀ gbalaja ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Mo ti ilẹ̀kùn, kò mira. Mo fọn hóònù, ó gbórí sókè, ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó tún sùn padà. Ilẹ̀kùn kejì sì rèé, ògiri ló wà níbẹ̀. Oòrùn oṣù kẹta nìyẹn o, ẹja tútù ń bẹ ní búùtù. Ìgbà tí mẹ́gáàdì kírun tán ló tó wá fi eegun tàn án kúrò níbẹ̀. Mẹ́gáàdì yẹn ní ilé lòun ń ṣọ́, ajá ló ń ṣọ́ òun.

Dókítà Ẹran, Zaria:
Ẹ jẹ́ n dá sí i, torí iṣẹ́ mi ni. Gíga àti ìwúwo lẹ̀ ń pò pọ̀, ìdí nìyẹn tí iyàn yín ò fi lè parí láéláé. Ajá tó ga lè máà wúwo. Èjìká la sì ti ń wọn gíga ajá, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, kì í ṣe orí o, ajá wo ni ò ní gbórí sókè tó bá ti gbọ́ ìró abọ́ oúnjẹ? Boerboel akọ tí Àǹtí ń sọ yẹn, sẹ̀ntímítà 61 sí 69 péré ni ní èjìká, ṣùgbọ́n ó lè wọn kílò 70 sí 90. Ẹ wá wo Great Dane kan tó ń jẹ́ Zeus ní Michigan l'Amẹ́ríkà, wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́dún 2011, sẹ̀ntímítà 111.8, òun ló ga jù láyé nígbà náà, síbẹ̀ ìwúwo ẹ̀ ò tó ìdajì ti Zorba. Zorba fúnra ẹ̀, sẹ̀ntímítà 89 ni gíga ẹ̀. Irish Wolfhound náà, akọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó bíi 80 kí wọ́n tó gbà pé ojúlówó ni, ó ga ju ọ̀pọ̀ Mastiff lọ, àmọ́ ara ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ní ti Caucasian, hmm. Wọ́n gbé ọ̀kan wá bá wa láti Kaduna, ẹni tó ni ín búra pé kílò 90 ni. A tì í, a fà á, ó gorí síkéèlì: 58. Ọkùnrin náà ní síkéèlì wa ti bàjẹ́. Ìgbà tá a wá wẹ̀ ẹ́ torí eégbọn, tí irun lẹ̀ mọ́ ọn lára, ajá kan báyìí tín-ín-rín yọ sí wa, kódà olówó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀.

Ọmọ Ọ̀fà ní Kubwa:
Hàà, Dókítà, ẹ ti bọ́ṣọ lára wọn! Mo ti ń gbé èyí lọ fún oní-Caucasian lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Kaduna:
Ẹ̀yin tiẹ̀ rí ajá ńlá wọ̀n. Ọkọ mi ra ọmọ ajá kan, ẹni tó tà á fún un ní Mastiff gidi ni, pé bàbá ẹ̀ ga tó tábìlì, a ò rí bàbá, a ò rí ìyá. Ajá yìí ń jẹ tuwó, ó ń jẹ orí ẹja, ó ń jẹ ẹsẹ̀ adìyẹ, kò ga. Ọkọ mi ní ká ṣe sùúrù, pé Mastiff máa ń pẹ́ kó tó dàgbà tán, ó lè gbà tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Òótọ́ ni wọ́n ń pẹ́ o, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Mastiff ni, láti oṣù mẹ́fà ló ti máa ń ju kílò 30 lọ, èyí rèé tí mò ń fi apá kan gbé bó ti lẹ̀ tó ọdún. Etí ẹ̀ nà ṣánṣán, ìrù ẹ̀ ká. Bíńgò paraku ni! Aládùúgbò wa kan kì í kọjá láìbèèrè pé "Ìyá Ìbejì, Mastiff ò tíì dìde?" Ó mọ ilé ṣọ́ ṣá, kí n má purọ́ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ olè ò lè wọ kọ́ńpáàǹdì wa. Ọkọ mi ṣì ń pè é ní Mastiff o.

Ọmọ Ìlọrin, Jos:
Dókítà, ẹ má fi irun yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ jàre. Orí òkè Caucasus ni wọ́n ti ń fi ajá yẹn ṣọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò, inú òtútù ni wọ́n bí i sí. Bùrọ̀dá mi ní ọ̀kan, nígbà tó wà ní Jos níbí, kò sẹ́ni tó jẹ́ súnmọ́ géètì. Wọ́n wá tráńsífà bùrọ̀dá mi sí Abuja, ó kó ajá dání, Lugbe ni wọ́n gbà, inú ooru, kò síná, bí ajá ṣe wọlé báyìí ló forí lé balùwẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí táìlì, kò jáde mọ́. Gbogbo ilé wá ń wẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Olè lè wọlé kó gbé tẹlifíṣọ̀n lọ, ajá á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ nínú balùwẹ̀. Kì í kúkú ṣe ẹ̀bi ẹ̀, ajá kì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa, ẹnu ló fi ń tú ooru jáde. Ó ti padà sí Jos báyìí o. Bùrọ̀dá mi ṣì wà ní Abuja.

Dókítà Ẹran, Zaria:
😂😂 Ẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un ṣá, torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti fẹ́ lọ rà. Àwọn ajá ńlá yìí kì í pẹ́ láyé, Mastiff ọdún 6 sí 10, Great Dane 7 sí 10, Bíńgò Ìyá Ìbejì lè sin gbogbo wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa sáré bí wọ́n bá ti jẹun tán, pàápàá Great Dane, inú wọn máa ń wú, á sì lọ́ pọ̀, ó lè pa á kílẹ̀ tó mọ́. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi náà, ẹ má fi falẹ̀, Vom lẹ́bàá Jos ni wọ́n ti ń ṣe é, láti 1924 ni ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tó wà níbẹ̀ ti wà.

Oní-AC, Katampe:
Ṣé kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Neapolitan ni? Ọ̀gá kan tí mo máa ń bá tún AC ṣe ní ọ̀kan. Ítálì ni wọ́n ti wá, 65 sí 75 ní èjìká, kílò 60 sí 70, kò tó Zorba yín, àmọ́ awọ tó wà lára ẹ̀ tó ajá méjì, ojú ẹ̀ hunjọ, itọ́ ń já lẹ́nu ẹ̀ ṣáá. Kì í bu èèyàn jẹ, ó fẹ́ràn mi ni wàhálà mi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, aago kan ku díẹ̀, mo ti palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ajá yìí wá dúró tì mí, ó gbọn orí pẹ́ẹ́. Itọ́ dé ògiri, ó dé ara AC tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó dé ara jalabíà mi láti àyà dé ẹsẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé ìyẹn wọ mọ́sálásí? Ìyàwó ọ̀gá ló yá mi ní káfútáànì ọkọ ẹ̀, ọ̀gá yẹn sì sanra, mo fọwọ́ dì í mú lọ kírun. Ní báyìí, ẹ̀wù méjì ni mo ń gbé sínú mọ́tò tí mo bá ń lọ síbẹ̀, mo sì ti fi owó alágbàfọ̀ kún owó iṣẹ́.