Ìtọ̀ ti ń dà, creatinine ò tíì wálẹ̀: ṣé kíndìnrín ti bọ̀ sípò?

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọkùnrin ẹni ọdún 54, kílò 60. Ìgbẹ́ gbuuru ló gbé e dé, diclofenac (oògùn ìrora) ni wọ́n sì ń fún un nílé. Creatinine rẹ̀ (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ jáde) lọ́dún tó kọjá jẹ́ 0.9 mg/dL, lọ́jọ́ tó dé, 5.8. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko, ìtọ̀ rẹ̀ ò ju mílílítà 250 lóòjọ́ lọ. Àná ló tọ̀ tó lítà 3, creatinine sì jẹ́ 6.1. Àwọn ẹbí ní ara rẹ̀ ti yá, àwọn fẹ́ máa gbé e lọ sílé. Ìgbà wo ló máa tó yá gan-an?

Dókítà_Kíndìnrín_Ìlọrin
Ẹ má tíì jẹ́ kó lọ o. Ìtọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ padà. Àwọn ihò tín-ín-rín inú kíndìnrín tó ń fa omi àti iyọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀ ò tíì jinná, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀ fi ń ṣàn lọ. Creatinine lè dúró lójú kan fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó máa wálẹ̀. Irú èyí sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta.

Omi ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ó tọ̀ lítà 3, wọ́n á fa lítà 3 sí i lára. Ohun tí ẹ bá dà sí i náà ni yóò máa tọ̀ jáde. Ẹ fi lítà 1.5 sí 2 lóòjọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n láràárọ̀ lórí ìwọ̀n kan náà. Bí ìtọ̀ bá tún já wá sí ìsàlẹ̀ mílílítà 30 ní wákàtí kan fún wákàtí mẹ́fà, ẹ tètè pe dókítà. Ẹ yẹ potassium àti sodium (iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀) wò lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì_Ọ̀fà
Ẹ ṣeun, sà. Potassium tòní 3.1, ó ti lọ sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń ka ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọsàn léèwọ̀ fún un nítorí potassium inú wọn.

Dókítà_Kíndìnrín_Ìlọrin
Háà, ẹ bá a tú èèwọ̀ náà! Ìgbà tí kò tọ̀ ni ìyẹn wúlò.

Apòògùn_Tánkè
Ẹ má fi eGFR (nọ́ńbà tí wọ́n ń fi creatinine ṣírò láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí) tí láàbù tẹ̀ síwèé díwọ̀n oògùn báyìí. Nígbà tí creatinine ò bá tíì dúró sójú kan, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn ń pa. Kò sí gentamicin (oògùn apakòkòrò), kò sí ibuprofen, kò sí diclofenac: wọ́n lè pa kíndìnrín lára. Ẹ bi ẹbí ní gbangba bóyá àgbo wà nínú ike tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ ò bá bi wọ́n, wọn ò ní sọ.

Yàrá_Dàyálísíìsì
Fún àwọn tó ti ń fọ ẹ̀jẹ̀: bí ẹni náà bá ń tọ̀ tó mílílítà 400 lóòjọ́ láìlo furosemide (oògùn tó ń mú ni tọ̀), ó tó àkókò láti dán an wò bóyá ó lè dá dúró láìfọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má fa omi ara rẹ̀ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ẹ̀rọ. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá já lulẹ̀ níbẹ̀, ó ń tún kíndìnrín náà pa lára ni.

Dókítà_Kíndìnrín_Ìlọrin
Òótọ́ ni. Nọ́ọ̀sì, kó padà wá ṣe ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn tó bá délé, kó tún ṣe é ní oṣù kẹta pẹ̀lú ìtọ̀ láti wo protein. Ohun tí kò bá lọ lẹ́yìn 90 ọjọ́, àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ là ń pè é. Ẹ rántí pé ẹran ara ẹni tó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì máa ń joro, creatinine á sì dà bíi pé ó dára ju bó ṣe rí lọ. Bí 1.2 bá jáde tí láàbù ní kò sí wàhálà, 0.9 tirẹ̀ ti ọdún tó kọjá ni kí ẹ fi wé.