Àpótí tó ń ké nínú tòkúnbọ̀ mi: ṣé kí wọ́n gé wáyà rẹ̀?

MÀMÁ KÁYỌ̀, SÙÚRÙLÉRÈ
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún àti àwa tí a ti padà sílé. Mo ra mọ́tò kan tó ti Texas wá, Tin Can ló gbà wọlé. Mọ́tò náà dára, ẹnjíìnì rẹ̀ ò ní ẹjọ́. Àmọ́ nǹkan kan ń ké nínú rẹ̀. Iná kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn, bọ́tìnnì bíi mélòó kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá wà ní Western Avenue, kì í sọ nǹkan kan. Kí n sáà ti sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Eko, kí n bọ́ sí Marina, ó di píì, píì, píì. Iwájú báńkì àti àwọn ilé ńlá ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ sí jù. Bí jíìpù tuntun bá sún mọ́ mi nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, á tún bẹ̀rẹ̀. Káyọ̀ ní tíráká ni, pé ẹni tó ta mọ́tò ló ń ṣọ́ mi. Mẹkáníìkì mi ní kí n jẹ́ kí òun gé wáyà rẹ̀ kí ọkàn mi balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i kó tó gé ohun tí kò yẹ.

WÁLÉ, HOUSTON
Màmá, ẹ sọ fún un kó gbé páláyà rẹ̀ sílẹ̀ o! Kì í ṣe tíráká. Radar detector ni, irú èyí tí wọ́n ń tú iwájú mọ́tò sílẹ̀ kí wọ́n tó lè fi í sí i. Kò fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ síbì kankan. Etí lásán ni. Ìbọn rédà tí ọlọ́pàá fi ń wọn eré máa ń ju ìgbì rédíò jáde. Ìgbì náà á lu mọ́tò, á padà, ìyípadà tó bá mú bọ̀ ni ìbọn fi ń ṣírò eré. Ohun tó wà nínú mọ́tò yín ń tẹ́tí sí ìgbì yẹn kó lè kìlọ̀ fún awakọ̀ kó tó dé ibi tí ọlọ́pàá wà.

Oríṣi ìgbì mẹ́ta ni wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà níbí. X wà ní nǹkan bí 10.5 GHz, K wà ní nǹkan bí 24.15, Ka bẹ̀rẹ̀ láti 33.4 dé 36. Ọlọ́pàá tó ṣì ń lo X kò pọ̀ mọ́, Ka ló gbòde. Ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń ṣí fúnra rẹ̀ náà ń ju X tàbí K jáde láti orí àtẹ́rígbà, òun ló ń bá yín jà ní Marina. Ti jíìpù tó ń sún mọ́ yín, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ni, èyí tó ń tan iná sára dígí nígbà tí mọ́tò míì bá wà níbi tí ojú awakọ̀ ò tó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní 24 GHz, àárín K gan-an. Etí ò mọ ìyàtọ̀, ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ.

SÀÍDÌ RÌWÁYÀ, LÁDÌPỌ̀
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni Bọ̀dá Wálé sọ. Mo ti tú irú rẹ̀ dáadáa nínú mọ́tò tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀. Ẹni tó ni mọ́tò tẹ́lẹ̀ ò ní san owó kí wọ́n bá a yọ ọ́, ó kàn ta gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni. Màmá, mẹkáníìkì tó bá gé wáyà láìmọ ibi tí iná ti ń wọlé lè pa nǹkan míì mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò. Púpọ̀ nínú wọn ní ibi tí èèyàn ti lè pa X àti K, kó ku Ka àti lésà, ìyẹn ìbọn ọlọ́pàá tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn eré. Bí ẹ bá pa méjèèjì, Marina á dákẹ́.

MÀMÁ KÁYỌ̀, SÙÚRÙLÉRÈ
Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ẹ dákun, ṣé ó wúlò fún mi ní Èkó yìí?

SÀÍDÌ RÌWÁYÀ, LÁDÌPỌ̀
Màmá, níbo lẹ ti fẹ́ sáré? Ojúẹlẹ́gba? Àwọn Road Safety ń gbé ìbọn rédà dání lóòótọ́, pàápàá lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Àmọ́ kámẹ́rà tó bá ń ka nọ́ńbà mọ́tò ò pariwo kankan tí àpótí yìí lè gbọ́, LASTMA tó dúró sí kọ́nà náà ò ju ìgbì. Òfin eré fún ayọ́kẹ́lẹ́ ni kìlómítà 50 nínú ìlú, 80 lójú títì ńlá, 100 lọ́nà márosẹ̀. Ẹni tó bá di èyí mú ò nílò àpótí tó ń ké.

DÀPỌ̀, MARYLAND
Ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sásìkò. Èmi fẹ́ fi í sí mọ́tò tèmi níbí ni. Mo ti wo Escort Max Ci, mo wo K40, mo wo Radenso RC M. Owó ẹ ń dẹ́rù bani, ká tó wá sọ owó iṣẹ́. Àbúrò Wálé, ìwọ lò ń fi í sí mọ́tò fáwọn èèyàn. Èwo ni kí n mú?

WÁLÉ, HOUSTON
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bi yín ná. Ibo lẹ ń gbé mọ́tò náà lọ láràárọ̀?

DÀPỌ̀, MARYLAND
Arlington ní Virginia ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

WÁLÉ, HOUSTON
Ẹ má rà á nìyẹn. Maryland ò bá yín jà fún ọkọ̀ ara yín, àmọ́ Virginia kà á léèwọ̀, Washington DC náà kà á léèwọ̀, Virginia sì ni ibi iṣẹ́ yín wà. Ní Virginia, ọlọ́pàá ò níláti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti wà nínú mọ́tò tí ọwọ́ lè tó o, tí iná sì lè dé ibẹ̀, ẹjọ́ ti dé.

DÀPỌ̀, MARYLAND
Bí mo bá pa á kí n tó kọjá odò Potomac wọ Virginia ńkọ́?

WÁLÉ, HOUSTON
Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà èyí tí wọ́n tú mọ́tò fi sí ti yàtọ̀. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, ẹ lè yọ wáyà rẹ̀, kí ẹ jù ú sí bùútù kí ẹ tó dé ààlà. Èyí tó wà lẹ́yìn gíríìlì, tí àpótí rẹ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbo lẹ fẹ́ gbé e gbà? Àwọn ọlọ́pàá míì sì ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ detector fúnra rẹ̀, nítorí òun náà ń jo ìgbì díẹ̀ síta. Ẹ fi owó yín ra táyà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ má tilẹ̀ bèèrè. Òfin àpapọ̀ ti kà á léèwọ̀ fún un láti ìpínlẹ̀ kan dé èkejì, bí detector ì báà jẹ́ ti gíláàsì tàbí ti gíríìlì.

LÉKAN, TORONTO
Ẹ fi ti wa kún un. British Columbia, Alberta àti Saskatchewan nìkan ló gbà á láàyè ní Kánádà. Ní Ontario níbí, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹ, wọ́n á tún fún ẹ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ra tòkúnbọ̀ láti Buffalo kó yẹ ẹ̀yìn gíríìlì rẹ̀ wò kó tó wakọ̀ kọjá ààlà.

BỌ́SẸ̀, PECKHAM
Ní Ìlú Ọba níbí, kò sí èèwọ̀ nínú lílo rẹ̀, ilé ẹjọ́ ti yanjú ìyẹn ní 1998. Jámà, ẹ̀rọ tó ń dí ìbọn ọlọ́pàá lọ́wọ́ kó má lè ka eré, ni ẹ ò gbọ́dọ̀ dán wò. Ẹni tó bá fi lésà dí ìbọn ọlọ́pàá lójú, ẹ̀sùn dídènà ìdájọ́ ni wọ́n ń fi kàn án, ẹ̀wọ̀n sì wà ńbẹ̀. Èyí tó dùn mí ni pé àwọn kámẹ́rà wa kan máa ń ka nọ́ńbà mọ́tò ní òpó kan, wọ́n á tún kà á ní òpó tó wà níwájú, wọ́n á wá fi àkókò ṣírò eré. Ìyẹn ò ju ìgbì kankan. Detector olówó gegere á máa sùn ni. GPS tó bá ti ní àkọsílẹ̀ ibi tí kámẹ́rà wà ló lè kìlọ̀, ìyẹn sì ti wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Owó tí ẹ fẹ́ ná yẹn á gbé yín wálé kí ẹ wá jẹ ẹja yíyan.

MÀMÁ KÁYỌ̀, SÙÚRÙLÉRÈ
Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Dallas, ó ń ka gbogbo èyí lórí fóònù mi. Ó ní òun kì í kọjá Texas, ọ̀nà jíjìn sì ni òun ń rìn lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ṣé ẹ ò lè yọ tinú mọ́tò mi kí n fi ránṣẹ́ sí òun? Ó lójú kòkòrò, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò burú.

WÁLÉ, HOUSTON
Kò burú rárá! Texas gba detector láàyè nínú ọkọ̀ ara ẹni. Àmọ́ kó gbọ́ èyí dáadáa: bí àwọn ojú kéékèèké tó ń ju lésà bá wà lára ohun tí Sàídì yọ, kó má fi wọ́n sí mọ́tò. Jámà nìyẹn, Texas kà á léèwọ̀. Jámà rédà ní tirẹ̀, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló dè é, kò sí ìpínlẹ̀ tó lè tú u.

Kó sì mọ ohun tó ń gbà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, èmi a máa ní kí wọ́n ra ti gíláàsì iwájú. Kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀, mọ́tò míì lè gbà á. Èyí tí a ń tú mọ́tò fi sí lè tó ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó yẹ ni ẹni tí gíláàsì iwájú rẹ̀ ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń móoru nínú, tí ìgbì ò lè gbà kọjá dáadáa, ẹni tó ń gbé California tàbí Minnesota tí wọn ò fẹ́ kí èèyàn lẹ nǹkan mọ́ gíláàsì, àti ẹni tí kò fẹ́ kí olè rí i kó fọ́ gíláàsì. Bí àbúrò yín ò bá sí nínú wọn, ọ̀fẹ́ tó rí gbà ni kó máa dúpẹ́ fún.

Lórí lésà, kó má retí púpọ̀. Rédà máa ń tàn káàkiri, o lè gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Lésà ọlọ́pàá tín-ín-rín ni. Ní mítà 300, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, mọ́tò tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ nìkan ló ń lù. Nígbà tí detector bá fi máa ké, wọ́n ti ka eré ẹ tán.

SÀÍDÌ RÌWÁYÀ, LÁDÌPỌ̀
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí nígbà tí mo bá ń tú wọn, ẹni tó máa tò ó padà ní Dallas á lè fi ṣọ́ra. Èyí tí wọ́n fi sí dáadáa, àpótí iwájú rẹ̀ máa ń tẹ́jú, ojú rẹ̀ kọ ọ̀nà, kò wo ilẹ̀, kò wo ọ̀run. Ike nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe wúruwùru, ẹ̀yìn irin bọ́ńpà tàbí ẹ̀yìn àmì mọ́tò tó ní kírómù ni wọ́n fi sí, irin ò sì jẹ́ kí ìgbì kọjá. Olówó á máa wakọ̀ káàkiri pẹ̀lú adití. Òmíràn tún wà tí wọ́n so mọ́ra pẹ̀lú rédà mọ́tò fúnra rẹ̀, èyí tó ń dín eré kù nígbà tí mọ́tò iwájú bá sún mọ́ni. Ẹ jìnnà sí i, ẹ sì jìnnà sí rádíétọ̀ nítorí ooru.

Wáyà gbọ́dọ̀ gba inú rọ́bà tó wà lára irin tó pín ẹnjíìnì àti inú mọ́tò níyà. Bó bá fara kan irin lásán, á họ, á sì di ṣáátì. Kó má gba iwájú eábáàgì. Àpótí tó ń ṣe ìṣirò, inú mọ́tò ni kó wà, níbi gbígbẹ. Fún GPS tó bá bá a wá, abẹ́ ike orí dáṣíbọ́ọ̀dù dára, kò gbọ́dọ̀ sí irin lórí rẹ̀. Kí iná wá láti fíúsì tó ń kú nígbà tí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ pa, kí ó ní fíúsì tirẹ̀. Ẹni tó bá mú iná tààrà láti bátìrì á jí lọ́jọ́ kan, mọ́tò ò ní sítáàtì. Kí wáyà dúdú mú irin tó mọ́ tónítóní, kì í ṣe ibi tí ọ̀dà wà.

WÁLÉ, HOUSTON
Sàídì, o yẹ kó o máa wá kọ́ àwọn ọmọ tí mo gbà síṣẹ́ níbí.

SÀÍDÌ RÌWÁYÀ, LÁDÌPỌ̀
Ẹ fi físà ránṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Màmá, ẹ mú mọ́tò wá láàárọ̀ kùtù kí Ládìpọ̀ tó kún. Mo máa tan án wò níwájú yín ná, torí èyí tó wà níwájú máa ń mu àgbàrá, kò sì dáa kí ẹ san owó ìfiránṣẹ́ fún òkú. Gbogbo gígùn wáyà ni mo máa fà jáde. Mi ò ní gé e, torí orí wáyà wọn kì í ṣe èyí tí èèyàn ń rí rà lọ́jà. Ẹ wá nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àpótí ńlá kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín, òun á fi wá ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tún máa bá yín dí ihò tí bọ́tìnnì fi sílẹ̀ ní dáṣíbọ́ọ̀dù.

MÀMÁ KÁYỌ̀, SÙÚRÙLÉRÈ
Mo ti gbọ́. Àbúrò mi ní òun á san owó iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ o, ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi.