Ẹ sọ tiyín: ìgbà tí mólékù méjì kọ̀ tí wọn ò jókòó pọ̀ lórí wúrà

Ọmọ Láàbù: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe biosensor (ẹ̀rọ kékeré tó ń fi mólékù ara ṣàwárí nǹkan), ta ló ti po thiol gígùn mọ́ kúkúrú rí, àwọn mólékù oní-sulfur tó ń dì mọ́ wúrà, tí ìrù carbon wọn ń nà sókè? Ìdajì-ìdajì ni mo pò wọ́n nínú ethanol, mo ri wúrà sínú ẹ̀ mọ́jú, ìgbà tí mo máa fi AFM (awò tó ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tọ ojú nǹkan) wò ó, àwọn gígùn ti lọ kóra jọ sọ́tọ̀, gegele gegele láàárín àwọn kúkúrú. Ó dùn mí gan-an.

Baba Thiol: Báwo ni wọ́n ṣe gùn sí?

Ọmọ Láàbù: Carbon 16 àti 6 sà.

Baba Thiol: Kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀. Carbon 10 tó yọ lókè yẹn ń wá ohun tó máa fẹ̀yìn tì, gígùn ẹgbẹ́ ẹ̀ nìkan ló sì lè rí. Lo 11 àti 12 kó o wò ó.

Ìyá Ìbejì: Tèmi kì í ṣe ti gígùn o. DNA ni mo kó sórí wúrà kó lè mú DNA míì, mo ní bó bá ṣe pọ̀ tó náà ló máa gbéṣẹ́ tó, ló bá dí pa débi pé DNA tá à ń wá ò ráyè so mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Ìgbà tí mo dín in kù tí mo wá fi mercaptohexanol, thiol kúkúrú kan, sí i fún wákàtí kan, àwọn DNA tó sùn gbalaja sórí wúrà bá dìde nàró.

Onílípíìdì: Dìde nàró kẹ̀? Ta ló rí wọn?

Ìyá Ìbejì: Levicky àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi neutron (èérún kékeré inú átọ̀mù) wò ó ní 1998, ẹ lọ kà á.

Kékeré: Ethanol yín ńkọ́, ṣé ó mọ́?

Baba Thiol: Ọmọ Láàbù, ìdajì tó o pò nínú ìgò kọ́ ló máa jókòó sórí wúrà o. Nínú ethanol, gígùn ló sábà máa ń gba àyè jù. Mo ti jìyà ẹ̀ rí, ìwọ̀n inú ìgò ni mo kọ sílẹ̀, XPS, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray mọ ohun tó wà lójú nǹkan, wá sọ nǹkan míì.

Onílípíìdì: Kí ló tiẹ̀ burú nínú kí wọ́n kóra jọ?

Ìyá Ìbejì: Ó burú! Ká ní biotin, mólékù kékeré tí protein streptavidin máa ń so mọ́, ló wà lórí àwọn gígùn yẹn, streptavidin kan fẹ̀ tó nanomítà 5, tó bá ti jókòó, ó ti bo àwọn biotin tó yí i ká mọ́lẹ̀, wọ́n á kàn wà níbẹ̀ lásán ni.

Onílípíìdì: Èmi ò fẹ́ kí tèmi pò o. Lípíìdì, mólékù ọ̀rá, ni mo ń tẹ́ sórí omi, mo fi àwọ̀ tó ń tàn sí i, bí mo ṣe ń fún un pọ̀ ni àwọn roboto dúdú, níbi tí wọ́n ti kóra jọ, ń yọ. Ẹ̀bá wọn yẹn ni phospholipase A2, enzyme tó ń gé lípíìdì, ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ń wò.

Baba Thiol: Orí omi yàtọ̀ sí orí wúrà. Sulfur ti dì mọ́ wúrà.

Onílípíìdì: Àwọn thiol ṣì ń rìn níbẹ̀ náà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ tún wò ó.

Ọmọ Láàbù: Mo ti po 11 mọ́ 12, wúrà ti wà nínú ẹ̀ báyìí. Ó di àárọ̀.