Ìbéèrè: Lẹ́tà ń dí, dúdú ò ṣú dáadáa, pósítà línò sì ń ṣàn lára ògiri

ÀkédeÌgboro:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí. Ẹgbẹ́ ayálégbé fẹ́ lẹ pósítà sí ìgboro lórí bí àwọn onílé ṣe ń lé èèyàn jáde láìsí ìkìlọ̀. Línò A3 ni a fín (ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ tí a ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́tà àti àwòrán sí, ká tó fi íǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé), íǹkì olómi ni a ń lò, ìwé 200 gíráàmù, ṣíbí onígi la sì fi ń ra ẹ̀yìn ìwé. Ihò inú «a» àti «e» ń dí. Àmì funfun tótòtó ń hàn níbi tó yẹ kó dúdú. Tí a bá sì fi gọ́ọ̀mù sítáàṣì lẹ̀ ẹ́, íǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ẹ̀dà 200 ni a nílò. Kí ni ká ṣe?

Ọ̀bẹOnígunV:
Línò ò ṣẹ̀ yín o. Ìwé àti íǹkì yín ni kò bára mu.

Ìwé 200 gíráàmù nípọn jù fún ṣíbí. Agbára ọwọ́ ò lè tẹ̀ ẹ́ mọ́ íǹkì dédé, ibẹ̀ ni funfun yẹn ti ń wá. Ẹ lo ìwé 60 sí 90 gíráàmù tí ojú rẹ̀ dán. Ẹ ra á láti àárín lọ sí etí. Kí ẹ tó ṣí i, ẹ ká igun kan sókè wò. Bó bá kù díẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ tún un ra.

Lẹ́tà tó ń dí, íǹkì ló pọ̀ jù. Ẹ yí róòlà lórí gíláàsì títí yóò fi máa dún ṣìì. Tí ojú íǹkì bá rí kókókó bí èèpo ọsàn, ẹ dín in kù. Fífi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ra línò lẹ́ẹ̀mẹ́fà sàn ju fífi nínípọn ra á lẹ́ẹ̀kan. Róòlà líle ni kó jẹ́, torí èyí tó rọ̀ máa ń wọ inú kòtò. Ihò lẹ́tà ò gbọdọ̀ kéré ju mìlímítà 2 lọ.

Ẹ ṣọ́ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà gidigidi. Wọ́n kéré, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ ya. Ọ̀bẹ onígun V ni kí ẹ fi fa etí wọn, kí kòtò dà gẹ̀rẹ́ síta bí ẹsẹ̀ òkè. Bí ọ̀bẹ bá lọ sábẹ́ àmì, kì í pẹ́ já dànù, ọ̀rọ̀ á sì yí ìtumọ̀ padà lára ògiri.

Íǹkì olóróró ni kí ẹ lò fún ìta. Irú èyí tí ọṣẹ àti omi lè fọ̀ wà. Tó bá ti gbẹ, omi ò lè mú un mọ́. Ẹ fi àwọn ẹ̀dà kọ́ sórí okùn fún ọjọ́ 3 sí 7, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn.

Alásẹ́:
Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò àkókò. Tí ẹ̀dà kan bá gba ìṣẹ́jú 5, 200 á ju wákàtí 16 lọ, ká tó sọ ti ọjọ́ gbígbẹ. Screen ni mo fara mọ́, ìyẹn aṣọ tí a nà mọ́ férémù, tí a ń ti íǹkì gba inú rẹ̀ sórí ìwé. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba École des Beaux-Arts, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Paris, lóṣù karùn-ún 1968, litho (títẹ àwòrán láti ara òkúta pẹlẹbẹ) ni wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ pósítà. Ó lọ́ra jù, wọ́n bọ́ sórí screen.

Ẹ ò ní pàdánù fífín yín. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan tó ṣú dáadáa láti ara línò, ẹ yà á sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí fíìmù, ìyẹn ike mímọ́ gaara tí a ó fi iná gbé àwòrán náà láti ara rẹ̀ sórí screen. Aṣọ screen 90T (fọ́nrán 90 nínú sẹ̀ǹtímítà kan) dára fún ìwé. Ẹ jẹ́ kí screen ga ju ìwé lọ ní mìlímítà 3. Tó bá fara kan ìwé pátápátá, ó máa lẹ̀ mọ́ ọn, etí lẹ́tà á sì dàrú. Íǹkì ákírílíìkì máa ń gbẹ sínú aṣọ, ẹ po èròjà tí ń dá gbígbẹ dúró mọ́ ọn, kí ẹ sì fi íǹkì bo screen lẹ́yìn ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sinmi láàárín.

ÌwéÒGbófo:
Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ti rí àwòrán náà? Ohun tí a bá ti fín dànù kò ṣeé dá padà. Ẹ ya á lórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí àwọn ayálégbé kà á, kí wọ́n ṣàtúnṣe, kí ọ̀bẹ tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni Taller de Gráfica Popular, ẹgbẹ́ àwọn atẹ̀wòrán tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Mexico ní 1937, ṣe ń gbé iṣẹ́ síwájú ẹgbẹ́ fún àríwísí.

Ẹ má fín ojú ayálégbé kankan láìgba àṣẹ rẹ̀. Onílé lè fi dá a mọ̀. Ohun ìlò lè sọ ọ̀rọ̀ náà. Nínú «Sharecropper» (àgbẹ̀ tó ń fi ìpín ìkórè san owó ilẹ̀) tí ayàwòrán Elizabeth Catlett fín sórí línò ní 1952, akẹtẹ̀ àti píìnì tó so ẹ̀wù obìnrin náà lọ́rùn ti sọ púpọ̀ nípa ìgbé ayé rẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ tà lára rẹ̀ láti rówó, ẹ tẹ 30 sórí ìwé tí kò ní ásíìdì, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i. Ti ògiri ò nílò nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún olùrà pé ti ògiri náà wà.

ÀkédeÌgboro:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Screen la ó lò. Ṣé a ó ṣì fín ọ̀rọ̀ ní òdì?

Alásẹ́:
Bẹ́ẹ̀ ni, lára línò. Lára screen, ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé kà tààrà tí ẹ bá wò ó láti inú, níbi tí rọ́bà tí a fi ń ti íǹkì ń gbà kọjá. Tó bá wà ní òdì níbẹ̀, ẹ yí fíìmù padà kí ẹ tó tan iná sí i.