Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn Vespa mi ti kú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ tiyín rí, ẹ bá mi dá sí i

Àjàpá2T: Ẹ kú ilé o. Vespa PX mi ti di ẹṣin, kòtò kékeré tí mo bá kó sí báyìí, ìdí ẹ̀ á máa sọ mí sókè sódò, ká má tíì wá sọ ìgbà tí mo bá gbé èèyàn sẹ́yìn. Mo ti ra ṣọ́ọ̀kì tuntun. Kí lojú yín rí nígbà tẹ́ ẹ pààrọ̀ tiyín?

Sípánà13: Tẹ ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ ná kó o fi í lẹ̀. Tó bá gòkè tó sì dúró, ọ̀rọ̀ ò kan ṣọ́ọ̀kì.

Àjàpá2T: Ijó ló ń jó, ẹ̀gbọ́n. Ọ́ìlì ti jò bo gbogbo ara ẹ̀.

Sípánà13: Ó ti parí nìyẹn. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù, ọ́ìlì inú ẹ̀ ló ń dá a lẹ́kun. Tọ́ìlì bá ti lọ, ta ló fẹ́ mú un?

ÌyáLambretta: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbàgbé pákó tẹ́ ẹ máa fi ti ẹ́ńjìnnì lábẹ́ o! Ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ló gbé táyà ẹ̀yìn, bóòtì gígùn kan ló so ó mọ́ férémù níwájú, ṣọ́ọ̀kì nìkan ló dì í mú lẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan tú ti àbúrò mi níṣojú mi, kò fi nǹkan kan tì í lábẹ́, bó ṣe fa bóòtì ìsàlẹ̀ yọ báyìí gbàgà, ẹ́ńjìnnì já wálẹ̀, ó fa wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ó fa ti jíà, ọ̀gbẹ́ni wá ń wojú wa bíi pé àwa la tì í.

Ọmọ_Ọ́ìlì: 😂😂 ó ń wojú yín kẹ̀

Àjàpá2T: Ẹ ṣé mà. Òkè ńkọ́? Mi ò rí nọ́ọ̀tì kankan.

Sípánà13: Abẹ́ táńkì ló wà. Yọ ìjókòó, pa epo, yọ ọwọ́ ibi tí wọ́n ti ń pa epo, kó o wá gbé táńkì jáde. Sìgá ò gbọdọ̀ sí nítòsí o.

Alágídí: Irọ́! Èmi ò yọ táńkì rí. Ara rọ́bà òkè yẹn ni mo máa ń tú ṣọ́ọ̀kì kúrò láti ìsàlẹ̀, màá fi rọ́bà sílẹ̀ síbẹ̀.

Sípánà13: Rọ́bà tó ti ń jẹ ìyà láti ọjọ́ yìí wá? Á ti sán. Ṣọ́ọ̀kì tuntun lórí rọ́bà jíjẹrà, kí lo ṣe?

Alágídí: Tiyín ló sán. Tèmi le koko.

ÌyáLambretta: Ẹ wá ra Lambretta kẹ́ ẹ sinmi jàre.

Ọmọ_Ọ́ìlì: Mà, ẹ̀gbọ́n ni Vespa jẹ́ fún Lambretta, 1946 ló jáde, tiyín 1947. Ẹ bọ̀wọ̀ fágbà.

ÌyáLambretta: Àgbà tí kò ní ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn! Vespa àkọ́kọ́ yẹn, gbangba ni táyà ẹ̀yìn ń lu ìdí èèyàn, ó di 1948 kí wọ́n tó fi sí i.

Sípánà13: Ṣé Lambretta 1947 ní in ni? Òun náà di 1948. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, mà.

ÌyáLambretta: Ọlọ́run á dájọ́ ẹ̀.

Ọmọ_Ọ́ìlì: Ta ló tún fẹ́ gun ti 1946, ẹni tó bá ní in gan-an, inú ilé ló máa tọ́jú ẹ̀ sí

Àjàpá2T: Ẹ dákun, mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tuntun yìí gùn díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ṣé kò burú?

Alágídí: Dè é mọ́ ọn jàre.

Sípánà13: Rárá o, láti ojú bóòtì dé ojú bóòtì ni kó o ti wọ̀n ọ́n. Tó bá gùn jù, ìdí á ga, iwájú á tẹ̀ sílẹ̀, bó ṣe ń yà á máa yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Dá a padà fẹ́ni tó tà á.

Alágídí: Ìbẹ̀rù ti pọ̀ jù nínú yín.

ÌyáLambretta: Alágídí, ṣé ìwọ lo máa bá a gùn ún?